Táńkì omi ìlú ti gbó: kí lẹ máa wò kí ẹ tó wó o?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, Èkìtì. A ní táńkì onírin kan lórí ẹsẹ̀ gíga, tí ìjọba gbé kalẹ̀ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ti ń jò, omi ń kán tọ̀sán-tòru, ìpẹtà sì ti mú ìdí rẹ̀. Omi dáámù Ero ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ní bọ́ọ̀hóòlù kan tó ń tì í lẹ́yìn. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun fẹ́ ra táńkì oníke mẹ́rin, 10,000 lítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ká wó ti àtijọ́ ká gbé tuntun síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ká pe wẹ́dà kó wá lẹ ojú ibi tó ń jò. A tó bíi 6,000 nílùú. Mo fi fọ́tò táńkì náà sínú lẹ́tà yìí. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsinmi, akọ̀wé. Èkìtì kete o. Ẹ má tíì wó o, ẹ má sì tíì jẹ́ kí wẹ́dà gun orí rẹ̀.

Gíga táńkì yẹn ni ìlú ti ń jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Bí ojú omi inú táńkì bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ kan lọ, omi á tú dáadáa níbẹ̀. Bó bá fi mítà 2 péré ga jù ú, tí omi tún rin ọ̀nà jíjìn nínú páìpù, á máa ṣe tóró bí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́. Táńkì oníke tí wọ́n ń gbé sórí irin mítà 4, irú èyí tí àwọn olóṣèlú máa ń kọ orúkọ wọn sí lára, wúlò fún ẹnu ẹ̀rọ tó wà nídìí rẹ̀, tí àwọn èèyàn á to kẹ́ẹ̀gì sí. Kò lè ti omi dé àdúgbò tó wà lókè, ilẹ̀ Èkìtì sì rèé, gbogbo ìlú ló ní òkè àti ìsàlẹ̀. Bí omi ò bá gun òkè mọ́, àwọn ará òkè á sọ̀kalẹ̀ wá. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí páìpù ti rẹlẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á máa bu omi nínú kòtò. Lọ́jọ́ tí omi bá dá, páìpù yẹn náà ló máa fa ìdọ̀tí kòtò padà sínú, tí gbogbo ìlú á sì mu ún lọ́jọ́ kejì. Mo ti rí i ju ìlú kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Irú táńkì yín, tí wọ́n fi àwo irin onígun mẹ́rin tò pọ̀ tí wọ́n sì fi bóòtù dè, Braithwaite ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Àwo kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóròó, ìyẹn mítà 1.22. Nínú fọ́tò yín mo ka àwo 4 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀, 3 ní gíga. Ìyẹn ààyè 48, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba omi bíi 1,800 lítà. Táńkì yín gba nǹkan bí 87,000 lítà. Mẹ́rin oníke yẹn, 40,000 ni gbogbo rẹ̀, kò tó ìdajì. Bí ẹ bá pín in fún èèyàn 6,000, kò tó lítà 7 fún ẹnì kan.

Ìlànà omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2000 sọ pé abúlé tí èrò rẹ̀ kò ju 5,000 lọ yẹ kó rí lítà 30 fún ẹnì kan lójúmọ́, ìlú kékeré tó ní 5,000 sí 20,000 yẹ kó rí 60. Tiyín á jẹ́ 360,000 lítà lójúmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí omi máa wọ ilé. Táńkì kò ní láti gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí omi ń wọlé bó ṣe ń jáde. Níbi tí iná bá ṣeé gbára lé, mo máa ń ṣe táńkì tó lè gba omi ìdajì ọjọ́. Níbi tó bá jẹ́ sólà ló ń fa omi, tó jẹ́ wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni oòrùn fi ń mú dáadáa, mo máa ń fẹ́ kó súnmọ́ omi ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ àdúgbò nìkan lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, lítà 30 fún ẹnì kan, 180,000 ni lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 90,000. Ẹ rí i pé ẹni tó gbé ti àtijọ́ yẹn kalẹ̀ kò fi ojú lásán wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí èyí tó wà nílẹ̀. Jíjò fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú fọ́tò yẹn, ibi tí omi tó ń jò ń kán sí ni. Ó ń kán sórí irin ìdábùú tó gbé táńkì ró, ó sì ń gba ara ẹsẹ̀ kan ṣàn wálẹ̀. Irin tó wà nínú omi déédéé kì í tètè jẹrà tó irin tí omi àti afẹ́fẹ́ ń bá ṣeré. Nítorí náà, ẹ mú ṣọ́bìrì, kí ẹ kó koríko àti yẹ̀pẹ̀ tó bo ìdí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Ẹ fi òòlù kékeré gbá a yí ká, láti orí kọ̀ǹkéré títí dé ìwọ̀n orúnkún. Irin tó yè á dún gan-gan. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀kọ̀, ìpẹtà á sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ẹ wo bóòtù tó de ẹsẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀: ṣé nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì ní orígun, àbí ó ti di róbótó? Ẹ wo àwọn irin tó dábùú ẹsẹ̀ kan sí èkejì bóyá ẹnì kan ti tú u lọ tà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Ìyẹn ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ pe ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kó mú ẹ̀rọ tó ń wọn bí irin ṣe nípọn láti ìta wá. Àwo irú táńkì bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ mílímítà 5 tàbí 6 nígbà tó wà ní tuntun. Kó wọn ìsàlẹ̀ dáadáa, lábẹ́ ibi tí ẹrẹ̀ jókòó sí, kó sì wọn òkè ibi tí omi ń dé, lábẹ́ ìdérí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin àti klórínì ti ń pàdé, ó sì máa ń jẹrà ju àárín lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó sínú táńkì náà láti lọ wò ó láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣí gbogbo ìdérí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tí okùn sì wà ní ìbàdí ẹni tó wọlé, tí ẹlòmíràn sì dúró sókè tó dì í mú. Irin tó ń dípẹtà nínú àyè tó sé mọ́ máa ń jẹ afẹ́fẹ́ tí à ń mí tán. Èèyàn á wọlé, á ṣubú láìpariwo, ẹni tó bá bẹ́ wọlé láti gbé e á ṣubú tì í.

Bí ẹsẹ̀ bá yè tó jẹ́ pé àwo díẹ̀ ló ti bàjẹ́, inú mi á dùn fún yín. Ìdí tí wọ́n fi fi bóòtù dè é náà nìyẹn: àwo ṣeé tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi tuntun sí i, ẹ fi rọ́bà tó ṣeé lò fún omi mímu sáàárín, ẹ sì dè é padà. Lọ́pọ̀ ìgbà rọ́bà àárín àwo ló ti gbẹ tí omi fi ń jò, irin ò ní nǹkan kan. Wẹ́dà tí àwọn àgbà ní kí ẹ pè á jó ọ̀dà tó wà nínú táńkì, iná á lu irin tó ti fẹ́lẹ́ já, á sì lẹ àwo méjì pọ̀ tí kò fi ní ṣeé tú mọ́ títí ayé. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé owó yẹn á ṣòfò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ọ̀dà títì sínú rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá ti jẹrà, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ ò gbọdọ̀ tún un ṣe mọ́. Omi 87,000 lítà wúwo tó tọ́ọ̀nù 87, ká tó ka irin fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí òòlù bá ti dún pọ̀kọ̀, ẹ má jẹ́ kí omi kọjá ìdajì mọ́, kí ẹ sì kó àwọn tó ń tajà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, ìbáà jẹ́ ìyá ta ni.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí tuntun, ẹ wọn omi tó ń wọlé. Òkúta líle ló wà lábẹ́ Èkìtì, inú ojú tó sán lára òkúta àti inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ni omi ń gbé. Bọ́ọ̀hóòlù tó ń mú lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a kì í pè é ní burúkú nílẹ̀ wa. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 10, 36,000 lítà ni, ó tán. Bọ́ọ̀hóòlù kan bẹ́ẹ̀ kò lè kún táńkì tí ẹ ní lónìí lọ́jọ́ kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èyí tó tóbi jù ú. Ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ ní Adó, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín iye ọjọ́ tí omi Ero lè dé lọ́sẹ̀ àti fún wákàtí mélòó. Láìsí ìwé yẹn, afọ́jú ni ẹni tó bá sọ fún yín bí táńkì ṣe yẹ kó tóbi tó.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rò jinlẹ̀ rèé. Ní Èkìtì, kí n tó ronú kan irin, mo máa ń wo òkè. Bí òkè kan bá wà nítòsí ìlú tó ga tó ilé tó ga jù nílùú, tó tún fi mítà 15 sí 20 lé e, ẹ lè kọ́ táńkì kọ̀ǹkéré sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Kò ní ẹsẹ̀ tó lè jẹrà. Atẹ́gùn ò lè mì í. Ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ ò ní gun àkàbà mítà 12. Àwọn kan á sọ pé iná tí ẹ máa fi fa omi dé orí òkè á pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí ojú omi bá wà ní gíga kan náà, ìbáà jẹ́ orí irin ló wà tàbí orí òkè, agbára kan náà ló ń gbé e dé ibẹ̀, àyàfi ìwọ̀nba tí gígùn páìpù bá jẹ kún un. Láti gbé 100,000 lítà gòkè mítà 60, omi fúnra rẹ̀ gba yúnìtì iná bíi 16. Tí ẹ bá ka ohun tí ẹ̀rọ ń fi ṣòfò mọ́ ọn, ó tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè fi owó yúnìtì ìlú yín ṣírò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkè ní tirẹ̀ náà o. Kábíyèsí ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ bá. Kò sí ẹnjiníà tó máa gbé táńkì sórí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ìlú yín náà lè ní òkè tí wọ́n ń bọ. Lẹ́yìn tí ó bá fọwọ́ sí i, ẹ gba sọ́féyọ̀ kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn gíga òkè, gíga ilé tó ga jù, àti gíga ilé tó rẹlẹ̀ jù. Ẹ má lo fóònù, ó lè fi mítà púpọ̀ ṣìnà ní ti gíga. Ilé tó rẹlẹ̀ jù ṣe pàtàkì: bí táńkì bá fi mítà 60 ga jù ú, omi á máa ti páìpù PN6, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe láti gba agbára omi tó ga tó mítà 60, dé góńgó agbára rẹ̀, á sì máa bẹ́ lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lo omi. Ẹ máa nílò táńkì kékeré lágbedeméjì láti já agbára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta: kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ bò ó, oòrùn á sì ba páìpù oníke jẹ́ láàárín ọdún díẹ̀. Páìpù irin ni ẹ máa lò níbẹ̀, kí ẹ fi irin kàn án mọ́ àpáta.

Bí kò bá sí òkè tó ṣeé lò, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ irin tuntun dúró, ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ sì ni ẹ máa gbé e sí. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó da ìpìlẹ̀. Gíga ojú omi kò gbọdọ̀ dín sí ti àtijọ́. Lókè rẹ̀, ẹ lè lo àwo irin tí wọ́n ti rì sínú síǹkì gbígbóná, tàbí àwo fáíbà. Fáíbà kì í dípẹtà, ó sì fúyẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ irin ló ṣì gbé e, nítorí náà ìyọnu ọ̀dà kíkùn kò tán. Ẹ jẹ́ kí páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ tóbi ju èyí tó ń mú omi wọlé lọ, kí ẹ sì fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀, alángbá àti ẹyẹ kì í béèrè ọ̀nà. Kí wọ́n fi àmì tó ń sọ ìwọ̀n omi síta, èyí tó jẹ́ okùn pẹ̀lú ohun tó ń léfòó nínú. Kí gbogbo ìlú mọ̀ pé òdìkejì ló ń rìn: bí àmì bá wà nísàlẹ̀, táńkì ti kún; bó bá wà lókè, ó ti gbẹ.

Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀? Ẹ da ìpìlẹ̀ àti kọ̀ǹkéré láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Àmọ́ ẹ má já omi kúrò lára ti àtijọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ẹ dúró dìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ní Oṣù Karùn-ún bí ẹ bá lè dúró, kí àwọn èèyàn lè máa gbe omi òjò bí iṣẹ́ bá fà gùn. Ẹ fi fáàfù síbi tí páìpù tuntun ti pàdé ti àtijọ́, kí ẹ sì fi páìpù kan tó lè gbé omi kọjá táńkì tààrà wọ ìlú. Páìpù kékeré yẹn máa wúlò fún yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fọ táńkì lọ́jọ́ iwájú. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ tí ẹ rí páìpù aláwọ̀ eérú tó jọ sìmẹ́ǹtì, asbestos ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lò ó gan-an láyé ìgbà yẹn. Ẹ má fi ayùn gé e ní gbígbẹ: ẹ rẹ ẹ́ lómi, kí ẹni tó ń gé e bo imú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wá ṣa èérún rẹ̀.

Nígbà tí tuntun bá dúró, ẹ má kún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kún ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kí sọ́féyọ̀ wọn bóyá ìpìlẹ̀ kan rì ju èkejì lọ, kí ẹ tó fi kún un. Fún ti kọ̀ǹkéré, ẹ jẹ́ kí omi jókòó sínú rẹ̀ ọjọ́ méje kí kọ̀ǹkéré mu àmuyó, lẹ́yìn náà ẹ wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje mìíràn. Bó bá lọ sílẹ̀ ju mílímítà 10 lọ, ó ń jò níbì kan, kọngílá kò sì gbọdọ̀ gba owó tó kù. Kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, ẹ fi HTH, ìyẹn klórínì gbígbẹ, pa kòkòrò inú rẹ̀: fún 100,000 lítà, kílò kan ààbọ̀ á gbé klórínì dé mílígíráàmù 10 nínú lítà kan. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, ẹ dà á nù síbi tí kò ní ṣàn wọ odò, kí ẹ tó gba omi tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tó ń dé ẹnu ẹ̀rọ tó jìnnà jù yẹ kó ṣì ní klórínì tó tó mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan. Ohun èlò kékeré tí àwọn tó ń tọ́jú odò ìwẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ń lò máa sọ ìyẹn fún yín.

Ìgbà yẹn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wó ti àtijọ́. Àwọn tó ń ra irin àlòkù á ti wá bẹ̀ yín wò kó tó dìgbà náà, wọ́n á ní àwọn á wó o lọ́fẹ̀ẹ́. Iná gáàsì ni wọ́n máa fi gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹ kọ̀ fún wọn. Láti òkè ni wọ́n máa ń tú u wálẹ̀, àwo kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀dà àtijọ́ ara rẹ̀ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí ẹ gbá èyí tó bá já bọ́, pàápàá bí ilé ìwé bá wà nítòsí.

Ní ti ọmọ ìlú yín tó wà lókè òkun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí owó rẹ̀ lọ sórí ike. Owó rẹ̀ á gbé sọ́féyọ̀, ẹnjiníà àti ìpìlẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ náwó lé lórí torí kò hàn nínú fọ́tò. Bí ìwé iṣẹ́ yẹn bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní fi ẹnu lásán lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tàbí RUWASSA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó omi ìgbèríko, mọ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ rí i dájú pé ìwé kan sọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti táńkì àtijọ́ náà, ìlú ni tàbí ilé-iṣẹ́ omi, torí ẹ ò lè ta irin ìjọba.

Ẹ yan ìgbìmọ̀ WASHCOM, ìyẹn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń bójú tó omi àti ìmọ́tótó, bí ẹ ò bá tíì ní, kí àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀, àwọn ló mọ ọjọ́ tí omi ò wá. Kí ìgbìmọ̀ yẹn pinnu iye tí kẹ́ẹ̀gì kan á jẹ́, kí wọ́n sì ya owó ọ̀dà kíkùn àti owó fífọ táńkì lọ́dọọdún sọ́tọ̀. Orúkọ ẹni tó máa di kọ́kọ́rọ́ fáàfù mú, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa san fún un lóṣù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé kí ọkọ̀ tó kó irin táńkì tuntun tó wọ ìlú.